Abẹ́rẹ́ Méjì fún Ìdọ̀bálẹ̀ Kan

Ọkùnrin tí mo fẹ́ràn kò lè dọ̀bálẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá mọ irú bàbá tí ó bí mi, ẹ óò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹkún ni.

Ọdún 1969 ni, ní Port Harcourt. Ìjọba àpapọ̀ ló gbé bàbá mi wá láti Ìbàdàn, kí ó wá bá wọn tún ọ́fíìsì ṣí lẹ́yìn tí àwọn sójà ti gba ìlú. Èmi nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e, nítorí ìyá mi ti kú, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ máa se ọbẹ̀ tí yóò máa ráhùn sí. Rumuola ni wọ́n fún wa nílé. Àwa Yorùbá ìlú náà kò pọ̀, ọkùnrin tí kò tíì láya láàárín wa kò sì ju ohun tí èèyàn lè fojú kà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀, bàbá mi ti lé ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì, nítorí pé ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó ní, "Ẹ káalẹ́, sà." Bàbá mi ní òun rò pé kọ́bọ̀ ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tí kò bá lè fi àyà lélẹ̀ gbalaja fún òun kò ní mú ọmọ òun lọ. Ọjọ́ orí mi kò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Kọ́sítọ́ọ̀mù ni ẹni tèmi ń ṣe ní èbúté. Ọsibítù la ti pàdé: ó dojú bolẹ̀, mo gún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí. Ó jábọ́ láti orí àkàsọ̀ ọkọ̀ ojú omi, iṣan ìbàdí rẹ̀ sì fara gbá a. Ìrora náà máa ń gba ẹ̀yìn itan sọ̀kalẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀ bíi kí wọ́n da omi ata sí i nínú iṣan. Bí ó bá lọ ilẹ̀, ó di kí wọ́n fà á dìde. Bàbá mi kò sì gbọdọ̀ gbọ́. Lójú tirẹ̀, ọkùnrin tí ìbàdí rẹ̀ kò bá dá ṣáṣá, kí ló fẹ́ fi ìyàwó ṣe?

Ni mo bá mú ìtọ́jú rẹ̀ lọ́kùn-únkúndùn. Gbogbo abẹ́rẹ́ tí dókítà kọ fún un, èmi ni mò ń gún un. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ ń yá díẹ̀díẹ̀, orí mi sì ń wú. Àfi ọjọ́ tí ó tú ṣòkòtò, tí mo rí ojú abẹ́rẹ́ wínníwínní tí ó tò láti ìbàdí dé itan. Kì í ṣe tèmi. Ó wò mí bí ẹni jí ẹran jẹ, ó ní ìyá arúgbó kan wà létí omi ní Iwofe, tí ó ń fi òróró ra ènìyàn lẹ́yìn, tí ó sì ń fi abẹ́rẹ́ gún ojú iṣan.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gún un níbi tí dókítà kò kọ. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Mo ní kó mú mi lọ.

Ìyá náà ń yan ẹja nígbà tí a dé. Mo ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i lọ́rùn: abẹ́rẹ́ ìdọ̀tí, kòkòrò, ikú òjijì. Kò dáwọ́ ẹja dúró. "Nurse," ó ní, "your own dey make the pain sleep. My own dey wake the leg. Wetin we dey fight for?" Mo yíjú sí ọkùnrin mi kí ó gbè mí. Ó ti jókòó sórí àpótí kékeré kan. Ó sì dìde láìdi ohunkóhun mú.

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Èmi tí mo wá jà ni mo wá ń bá a se abẹ́rẹ́ rẹ̀ nínú omi híhó. Ohun kan péré ni ìyá náà kìlọ̀ fún mi: a kò gbọdọ̀ pa tirẹ̀ àti tèmi pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí ẹsẹ̀ má baà kú.

Ẹ̀rù ló jẹ́ ká gbàgbé. Ọjọ́ ìsinmi tí ọkùnrin mi yóò wá rí bàbá mi, ó kọ́kọ́ gba Iwofe lọ láàárọ̀, ó tún yà lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo gún un ní tèmi.

Ó dọ̀bálẹ̀. Títí di òní, n kò tíì rí irú rẹ̀: àyà, ikùn, orúnkún, gbogbo rẹ̀ kan ilẹ̀. Bàbá mi gbàdúrà lé e lórí, àdúrà rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ó ṣe àmín. "Dìde, ọmọ mi."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣì wà níbí, sà."

Bàbá mi wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́: ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́. Ó béèrè ìlú rẹ̀, ó béèrè bàbá rẹ̀, onítọ̀hún ń dáhùn látilẹ̀. Ìrẹsì tí mo sè fún àlejò ti tutù. Mo rí òógùn lọ́rùn rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ náà ti kú tipiri. Níkẹyìn, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á dìde. Bùbá rẹ̀ ká sókè, ṣòkòtò rẹ̀ sì wálẹ̀ díẹ̀. Bàbá mi rí ojú abẹ́rẹ́ ìyá Iwofe, ó rí òwú tí mo lẹ̀ mọ́ tèmi.

"Kí ni èyí?"

Mo kúnlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an, omijé ti ń bọ́.

"Ìbàdí mi kò dá, sà," ọkùnrin náà wí. "Mo mọ̀ pé bí mo bá lọ ilẹ̀, mo lè má lè dìde."

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

"O sì dọ̀bálẹ̀?"

"Ẹ ní ẹni tí kò bá dọ̀bálẹ̀ kò ní fẹ́ ọmọ yín."

Bàbá mi nàró. Ó sún àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin mi, bàbá mi tí kì í bẹ̀rẹ̀ nítorí bàtà ara rẹ̀. Ó ní kí n gbé ìrẹsì wá síbẹ̀. "Gbogbo àwọn tó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi," ó wí, "ẹ̀yìn wọn le. Kí ló ná wọn?"

Ìyá Iwofe ní abẹ́rẹ́ òun ló fún mi lọ́kọ. Èmi ní tèmi ni. A jiyàn náà títí wọ́n fi gbé wa kúrò nílùú. Ṣùgbọ́n ká sọ pé èyíkéyìí nínú wọn ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà ni, ì bá dìde wẹ́rẹ́, bàbá mi ì bá sì wá ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn sí i lọ́rùn.