Òdòdó Òkun Migdalia

Bí ẹ bá ń wá ìjà Don Heriberto, ẹ pe òdòdó òkun rẹ̀ ní òdòdó. "Ẹran ni," ni yóò wí, "ó lẹ́nu, ó sì mọ oúnjẹ jẹ jù ọ́ lọ." Kò purọ́. Ó kàn jọ òdòdó ni. Ìka rẹ̀ pọ̀, wọ́n rọ̀, wọ́n sì ń ta èèyàn bí èsìsì, ẹnu rẹ̀ sì wà láàárín wọn. Ó lẹ ẹsẹ̀ mọ́ òkúta nínú àpótí gíláàsì tó gba odindi ògiri kan ní pálọ̀ wọn, ní Cabo Rojo níbí, ìlú etí òkun wa, ilé tó tẹ̀ lé tèmi.

Migdalia ìyàwó rẹ̀ ló ni ín, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń fún un ní edé jẹ. Nígbà tí Migdalia kú, ọkọ rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì ní ilé iṣẹ́ ẹja alágolo, gba iṣẹ́ náà ṣe, kò sì mọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí omi bá ti fà, omi òkun ló ń bù kún un, títí iyọ̀ fi fẹ́ pa ẹran náà. Ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé omi nìkan ló ń fà, iyọ̀ kì í bá a lọ, àti pé omi lásán tí kò níyọ̀ ni kéèyàn fi dí i. Ó kọ́ láti má bọ́ ọ ní àbọ́jù, kí omi má bàa bàjẹ́. Ó kọ́ pé bó bá ká ara jọ bí àpò òfìfo, kò tíì kú, ó ń yàgbẹ́ ni. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá ti di ìyá ìkókó.

Yarelis, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Orlando lókè òkun, kò jẹ́ kó sinmi lórí fóònù.

"Papi, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Iná ò dúró níbẹ̀ yẹn, dókítà ò sí. Kí lẹ tiẹ̀ ń ṣọ́?"

"Ohun tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ ni mò ń ṣọ́. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà láàyè, mi ò lọ ibì kankan. Ọjọ́ tó bá kú, kó o wá mú mi."

Ẹyin lohùn. Doña Monín, ẹ̀gbọ́n Don Heriberto lóbìnrin tí wọ́n jọ ń gbé, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ilé ìdáná. Opó ni, kò bímọ, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú. Àbúrò rẹ̀ ló ń kán oògùn sí i lójú láràárọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni òun náà ti ń bá ẹran omi sọ̀rọ̀. "Jẹun o, olójúkòkòrò. Má kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Ní ọjọ́ tí ọdún ń parí, iná lọ láàárọ̀. Omi dúró jẹ́ẹ́, òdòdó òkun tú ẹsẹ̀ lára òkúta, ó ń wá ibòmíràn lọ. Bí iná ṣe dé nírọ̀lẹ́ ni pọ́ńpù tó ń da omi àpótí yí ká fà á, ó sì ya á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá kú sínú àpótí, omi á bàjẹ́, gbogbo ẹja tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ á bá a lọ. Don Heriberto rọra gbé e sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí omi òkun tó mọ́ wà nínú rẹ̀, ó sì gbé e sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ó wá mú ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi, ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ wá bátìrì rà sí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́dọ̀ wa, bí ọdún bá ń lọ, a máa ń da bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan síta láti ẹnu ọ̀nà, kí gbogbo ibi inú ọdún náà bá a lọ. Àwa yòókù ń dúró di ọ̀gànjọ́. Doña Monín kì í dúró, torí bí adìyẹ bá ti wọ̀, òun náà ti sùn. Ìrọ̀lẹ́ ló ń da tirẹ̀, àbúrò rẹ̀ ló sì ń pọnmi náà lọ́dọọdún, tó ń gbé e sẹ́nu ọ̀nà dè é.

Doña Monín ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó bá bọ́kẹ́ẹ̀tì níbi tó máa ń wà. "Ikú, máa lọ. Àìsàn, máa lọ. Ìyapa, máa lọ." Ó da omi náà sójú títì pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́ fún un láti ojú fèrèsé mi, torí èmi náà ò mọ nǹkan kan.

Kò pẹ́ tí Don Heriberto fi dé. Ó rí títì tó tutù, ó rẹ́rìn-ín, ó sì wa mọ́tò gba orí omi náà wọlé.

"Monín, bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà dà?"

"Mo ti dà á nù. O ṣeun tó o bá mi pọn ọ́n."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ wá a. Ohun tí a rí ní ojú ipa táyà kò kún ṣíbí. Doña Monín jókòó sílẹ̀ lójú títì, kò sì sẹ́ni tó lè wí fún un pé omi ló dànù, agbè ò fọ́.

Mo ní a lè ra òmíràn. Don Heriberto wò mí bíi pé mo ní kó lọ ra Migdalia mìíràn. Yarelis dé lọ́sẹ̀ kejì pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ nìkan. Inú bí mi sí ọkùnrin yẹn, ó sì ń bí mi títí dòní. Ẹran omi lásán!

Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń di ẹrù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó di ara ilẹ̀kùn mú.

"Heri, o ní níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà láàyè, o ò ní lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo wí."

"Èmi náà ṣì wà láàyè."

Ó pa àpótí ẹrù rẹ̀ dé, ó tẹ̀ ẹ́ kó lè tì.

"Monín," ó ní, "ṣé o rí fìlà mi?"