Mẹ́sàn-án Nínú Mẹ́wàá

Títí dòní, bí àwọn ará àdúgbò bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ọjọ́ tí Ayaba gba bírò lọ́wọ́ Tíṣà ni wọ́n ń tún sọ. Tíṣà, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, ni olùdarí ẹgbẹ́ eléré àdúgbò. Bó ṣe ń ṣírò náà ló ṣe ń yan òṣèré: ó fa ìlà sórí ìwé, ohùn gba máàkì mẹ́wàá, ìrántí gba mẹ́wàá, ìrísí gba mẹ́wàá. Nígbà tí Ayaba ka ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tán, ó rí i pé bírò Tíṣà ti dúró sórí ìlà ìrísí, kò lè lọ síwájú, kò sì lè padà sẹ́yìn. Ó rọra gba bírò náà, ó kọ mẹ́sàn-án síbẹ̀, ó dá a padà fún un.

"Màmá," ni Tíṣà wí, "mẹ́sàn-án kẹ̀?"

"Ẹ má bínú, Tíṣà. Mo yọ ọ̀kan nítorí bàtà."

Ayaba kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn, láàárín àwọn ẹ̀rọ tí ń mí gúlegúle bí ẹni tí inú ń bí. Ní ọdún kẹfà iṣẹ́ náà, páìpù omi gbígbóná kan bẹ́ sí i lójú. Láti etí òsì dé àgbọ̀n, awọ ojú rẹ̀ súnkì bí aṣọ tí a fún tí a kò tẹ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tó sì wọ ẹgbẹ́ eléré, ohun kan ṣoṣo ló ń wá níbẹ̀: kí òun dúró lórí ìtàgé gẹ́gẹ́ bí ayaba, kí iná tàn sí ojú òun, kí ẹnikẹ́ni má sì gbójú kúrò. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe ìdánwò ipò ayaba, ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi gbé ipò náà fún ẹlòmíràn, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti sọ ọ́ ní Ayaba. Nínú gbogbo ayaba tó wà láyé, òun nìkan ni orúkọ mọ́ lára tí ìdí rẹ̀ kò kan ìtẹ́ rí.

Àwọn aláàánú a máa tù ú nínú pé ìwà lẹwà. Ayaba a gbọ́ wọn tán, a sì dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ẹni tí ojú rẹ̀ ń dán kì í pa òwe yẹn fún ara rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tí wọ́n jọ ń gbé, ni ẹ̀rín yìí ń gún bí abẹ́rẹ́. Òun ló ń rán aṣọ fún ẹgbẹ́ náà. Àwọn tó bá gbé apá sókè kí ó lè wọn àyà wọn kì í sì í rántí pé ẹni tó di téèpù mú ní ẹ̀gbọ́n; bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa fi Ayaba ṣe ẹ̀fẹ̀ lórí rẹ̀ títí yóò fi wọn ẹsẹ̀ wọn tán. Ó mọ ohun tí gbọ̀ngàn tó kún lè fi ojú ènìyàn ṣe. Nítorí náà, ní ọdún kẹrin ìdánwò, ó ra pọ́dà tó nípọn, ó fi bo àpá náà ní ìpele mẹ́ta, ó sì kìlọ̀ pé kí ẹ̀gbọ́n òun má rẹ́rìn-ín kí ó má baà sán.

Fèrèsé kan ṣoṣo ló ń ṣí nínú gbọ̀ngàn náà. Kí Ayaba tó dé ibi tí ayaba ti ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀, pọ́dà ti ń ṣàn sórí ìwé tó dì mú. Àbúrò fọwọ́ bo ojú. Tíṣà béèrè bóyá kí àwọn dúró díẹ̀. Ayaba ní kò sídìí: àwọn ayaba yòókù ń fi ojú nìkan sunkún, òun ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún un.

Ní ọdún keje, ojú ti Tíṣà, ó sì fún un ní ohùn ìyá ọba tó ti kú, tí yóò máa sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Gbólóhùn márùn-ún péré ni. Lọ́jọ́ eré, òkú náà sọ gbólóhùn márààrún, ó tún rántí ìmọ̀ràn díẹ̀, ó béèrè oúnjẹ tí wọ́n ń fún ọmọ òun jẹ, ó wá bá aya ọmọ náà wí nípa ẹ̀wù ọba tí kò rí áyọ́ọ̀nù. Gbogbo ọrùn inú gbọ̀ngàn yí sí aṣọ ìkélé. Lórí ìtẹ́, ayaba, akọ̀wé báńkì kan tó lẹ́wà púpọ̀, gbàgbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ pátápátá, ó ń dá òkú lóhùn pé, "Ẹ má bínú, mà."

Ohun tí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín kò mọ̀ ni pé lọ́dọọdún, bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ìdánwò bá ti mọ́, àbúrò a fi téèpù kọ́rùn bí ẹni tí ń lọ wọn aṣọ, a gba ilé Tíṣà lọ. Ẹ̀bẹ̀ kan náà ni.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má gbé wọn sórí ìtàgé. Àwọn èèyàn á fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́."

Tíṣà kì í jiyàn. Ẹni tó ń wá àwáwí, tí àwáwí fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé tọ̀ ọ́ wá, àga ni yóò fún un.

Ní ọdún kejìlá, dókítà sọ pé ọkàn Ayaba ti wú. Ó fi ọ̀pá rìn lọ síbi ìdánwò, ó fara ti ògiri, ó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Lọ́dún yẹn, àbúrò kò lọ sílé ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, orúkọ Ayaba ló wà níwájú ipò ayaba. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ọwọ́ ìkọ̀wé Tíṣà kò ṣeé kà.

Ìgbà kan péré ló bá wọn ṣe ìfidánrawò kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ti ṣiṣẹ́ rí, níbi tó ti ń ráhùn pé àwọn tí wọ́n fi rọ́pò òun kò mọ bí a ti ń ká igun aṣọ ibùsùn. Kò padà wálé. Ẹlòmíràn ló ṣe ayaba, àbúrò náà ló sì bá a dín aṣọ kù níbàdí. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ọ̀sán kan wà tí àbúrò jókòó ti ibùsùn, tí kò lè gbé ọ̀rọ̀ náà mì mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, èmi ni mò ń lọ bẹ Tíṣà pé kí wọ́n má gbà yín."

"Mo mọ̀," ni Ayaba wí. "Ọdún kẹta ni Tíṣà ti sọ fún mi. Ìṣirò ló kọ́, kò kọ́ irọ́."

"Ẹ mọ̀? Kí ló wá dé tí ẹ kò fi yé lọ?"

"Bí mo bá yé lọ, wàá rò pé òótọ́ lo sọ."

Àbúrò sunkún. Ayaba jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn. Nígbà tó yá, àbúrò béèrè bóyá ẹ̀rù kò bà á rí.

"Ẹ̀rù? Gbogbo àárọ̀ ìdánwò ni mo máa ń bì ní balùwẹ̀. Ìwọ rò pé mò ń fọ ọ̀fun."

Láti ogójì ọdún tí páìpù ti bẹ́, apá ọ̀tún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni àbúrò máa ń jókòó sí, nídìí oúnjẹ, nínú ọkọ̀, lórí àga gígùn níwájú ilé. Kò rò pé ẹnikẹ́ni ṣàkíyèsí. Ayaba na ọwọ́ sí òsì.

"Gbé àga rẹ wá síhìn-ín."

Àbúrò gbé àga náà yí ibùsùn po, ó jókòó. Oòrùn gba fèrèsé wọlé sórí àpá náà. Ó rí i pé ẹ̀gbọ́n òun ti rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rín fi gbẹ́ ọ̀nà tirẹ̀ gba inú àpá náà kọjá. Ayaba gbé orí sókè díẹ̀ lórí ìrọ̀rí, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ayaba láti ìbẹ̀rẹ̀, ní ohùn tí kò kọjá inú yàrá. Oorun gbé e lọ láàárín gbólóhùn. Àbúrò kò gbójú kúrò.