Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Sọ̀rọ̀

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá yìn mí pé mo lẹ́kọ̀ọ́, inú máa ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Láàárín àwọn ọdún 1980, èmi ni mo ń tọ́jú rédíò ní ọ́fíìsì kan ní àdúgbò D-Line, ní Port Harcourt. Àwọn elépo ni ilé iṣẹ́ wa ń bá ṣiṣẹ́, a sì ní ibùdó mẹ́fà káàkiri inú àbàtà àti etí òkun. Tẹlifóònù ò dé ọ̀hún. Rédíò nìkan la fi ń gbúròó ara wa, ọ̀nà kan ṣoṣo sì ni gbogbo wa ń pín lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á tẹ bọ́tìnnì ara máìkì. Tó bá sọ tán, á ní “ófà”, á sì jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ẹlòmíràn lè fèsì. Bí èèyàn méjì bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀, kò sẹ́ni tí wọ́n máa gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ariwo kan ló máa ń hó jáde, bí ẹni ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Èyí tó wá burú jù ni pé ẹni tó tẹ bọ́tìnnì kì í gbọ́ nǹkan kan. Bó o bá ṣe ń sọ̀rọ̀, etí rẹ ti di nìyẹn.

Ìdí nìyí tí a fi ṣòfin. Ibùdó kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú tirẹ̀. Kó o tó tẹ bọ́tìnnì, fetí sílẹ̀, ka ení dé àrún. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ẹnu dákẹ́, kí ẹni tó wà nínú ewu lè ráyè pè. Èmi ni mo kọ ọ́ sára páálí tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri. Ọ̀gá wa, Yorùbá bíi tèmi, ló fọwọ́ sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, aago mẹ́wàá lù. Ọ̀gá yìí kan náà wọlé, ó ní kí n dìde, ó jókòó sórí àga mi, ó gba máìkì. Àna rẹ̀ ló ń ṣe olórí ibùdó wa tó wà nínú àbàtà lẹ́bàá Wàrí.

“Ẹ kú àárọ̀ o, àna mi. Ilé ńkọ́? Ófà.”

“A dúpẹ́, sà. Màmá ńkọ́? Ófà.”

Wọ́n kí ìyàwó, wọ́n kí ọmọ, wọ́n kí ẹsẹ̀ tó ń dun màmá àgbà. Gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ófà! Yorùbá ni mí, mo mọyì ìkíni. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí, ta ló ń kí ẹsẹ̀ màmá àgbà lórí ọ̀nà tí ibùdó mẹ́fà ń pín, nínú ìṣẹ́jú ìdákẹ́?

Bí àna yẹn ṣe ń fèsì ni ariwo náà hó. Mo gbọ́ ohùn kan lábẹ́ rẹ̀: “Base! Base! Him leg...” Awakọ̀ ojú omi wa ni, rédíò wà nínú ọkọ̀ rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹnì kan ń pè.”

“Ṣé o ò rí i pé àna mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀ ni?”

Máìkì ò jìnnà sí ọwọ́ mi rárá. Kí ni mo ṣe? Mo kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì, mo ń bẹ̀bẹ̀: “Ẹ má bínú, sà. Ẹ dákun, sà.” Wọn ò tọ́ mi nílé wa pé kí n máa já nǹkan gbà lọ́wọ́ àgbà. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, wọ́n ní. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn kì í dúró de obì.

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì, ọmọ Ikwerre láti Eneka, gbọ́ ariwo náà láti ọ̀ọ̀dẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń nu eruku ara páálí yẹn. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó wọlé, ó já máìkì gbà lọ́wọ́ ọ̀gá.

“Oga, abeg, leave am! Person dey cry for inside!” Ó yíjú sí mi. “Madam, wetin you dey kneel for? Take am, talk!”

Mo gbà á. Mo ní kí gbogbo ibùdó dákẹ́. Ohùn awakọ̀ wá jáde gaara: irin ti já lu ẹsẹ̀ wẹ́dà kan tó ń jó irin, ẹ̀jẹ̀ ò dá. A rán ọkọ̀ ojú omi tó yára. Ọkùnrin náà yè, ṣùgbọ́n wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ní orúnkún. Awakọ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọ̀nà ò ṣófo, òun wo aago, òun sì dìídì dúró de ìṣẹ́jú mẹ́ta wa. Ó rò pé a máa dákẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá pe gbogbo wa jọ. Ó dá obìnrin náà dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó ní ìwà àrífín ló hù. Ó wá nawọ́ sí mi, ó ní kí wọ́n wò mí, pé orí ìkúnlẹ̀ lèmi ti sọ tèmi, pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Obìnrin náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí, ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀. Gbogbo yàrá dákẹ́ rọ́rọ́, kò sẹ́ni tó ń bá mi du ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ ṣé, sà.”