Pléètì Ojú-Ìwé Kẹrìnlá

Ṣómólú ni Bọ́dúndé ti ń tẹ̀wé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kì í fi nǹkan ṣòfò. Bébà tó bàjẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ń dán yíǹkì wò. Pléètì, páànù pẹlẹbẹ tí ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, kì í sọ ọ́ nù. Ẹ̀rọ ìgébébà nìkan ni kò ní. Ọ̀dọ̀ Ezekiel ní Ládì-Lak ló ń ru iṣẹ́ lọ láti gé e, èrè ibẹ̀ sì ń bá owó ọkọ̀ lọ.

Léṣìí, òun ló tẹ ìròyìn ọdún fún Ọwọ́jà, ilé-iṣẹ́ tó ń báni fowó ránṣẹ́ lórí fóònù. Ojú-ìwé kẹrìnlá sọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà wọn lọ́wọ́ olè. Ọ̀rọ̀ náà dán. Bọ́dúndé gba ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ gbọ́. Owó tó ń tọ́jú fún ẹ̀rọ ìgébébà, ó fi ra ṣíà wọn, ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà.

Tabitha ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Delight, ṣé ẹni tó tẹ káàdì ìgbéyàwó ló mọ̀ bóyá ìyàwó á gbélé ọkọ?"



Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni olè wọ kọ̀ǹpútà Ọwọ́jà. Àwọn oníbàárà wá owó wọn tì. Ṣíà já wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Bọ́dúndé kò bínú, kò sunkún. Ó ń ru bébà lọ sí Ládì-Lak. Wọ́n ní kó ní sùúrù, pé Ọwọ́jà á tún ilé ṣe, ṣíà á gbérí. Ó dúró.

Lọ́dún yìí, Moshood tó ń gbé iṣẹ́ Ọwọ́jà wá tún dé.

"Bọ̀dá, ẹ bá wa dín owó iṣẹ́ yìí kù."

"Níbo ni kí n ti dín in?"

"Ojú-ìwé kẹrìnlá. Ẹ má ṣe pléètì tuntun. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ará Ṣómólú kì í sọ pléètì nù. Ti èṣí ni kẹ́ ẹ lò."

"Èyí tó sọ̀rọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà?"

"Òun náà ni. Kò sóhun tó yí padà níbẹ̀."

Bọ́dúndé wò ó. "Olè wọlé yín, ẹ ò pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́?"

Moshood rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣáà bá wa tẹ̀ ẹ́, Bọ̀dá."

Bọ́dúndé gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó jẹ́ kó lọ. Lẹ́yìn náà ó pe ẹni tó bá a ra ṣíà, ó ní kó ta gbogbo rẹ̀.

"Ẹ ò ní dúró díẹ̀ sí i, sà?"

"Tà á."

Owó tó kù níbẹ̀ kò lè ra ju abẹ ẹ̀rọ ìgébébà lọ. Ó tú pléètì àtijọ́ kúrò nínú ìwé ìròyìn tó fi wé e, ó dè é mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ọ̀rọ̀ náà tún jáde, ó dán bíi ti èṣí. Ó ru bébà náà lọ sọ́dọ̀ Ezekiel láti gé e.