Mbah Wagiyem àti Àwọn Ère Oko Rẹ̀

Ọjọ́ tí Mbah Wagiyem lọ gbé ère rẹ̀ kúrò níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ní ìlú Yogya ni gbogbo abúlé wa gbà pé ìyá àgbà náà kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ère tí à ń fi lé ẹyẹ nínú oko ìrẹsì ni: ọparun méjì, koríko gbígbẹ, àkísà, àti ojú tí ó fi èédú yà. Pak Hendarto, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan láti ìlú, ló yá a lọ́wọ́ rẹ̀, tó lọ gbé e ka orí àpótí funfun lábẹ́ iná. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá wọ bọ́ọ̀sì, ó wọlé tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì gbé ère náà há abíyá.

Ẹ̀ṣọ́ dá a dúró. Ó ní iṣẹ́ ọnà ni, a kì í fọwọ́ kàn án. Ìyá ní kí ó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ fún òun, torí òun kò mọ̀wé.

"Wọ́n ní, 'A kò mọ ẹni tó ṣe é.'"

"Èmi ni. Ẹ ti wá mọ̀ mí báyìí. Yà lọ́nà, ọmọ mi. Ìrẹsì mi ti gbó, ológoṣẹ́ ò sì ní dúró dè yín."

Ojú ti Pak Hendarto, ó tẹ̀lé e wá sí abúlé wá bẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà, kò sí ìkórè tí kì í wá. Wọn a jókòó ti ife tíì, wọn a máa jiyàn. Ìyá bi í pé kí ni iṣẹ́ ọnà gan-an. Tíṣà ronú títí, ó ní ohun tí kò wúlò fún nǹkan kan ni, àfi ká ṣáà máa wò ó.

"Ọkọ mi olóògbé nìyẹn," ni ìyá wí. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wò ó."

Tíṣà lọ ro ó síwájú sí i. Lọ́dún kejì, ó ní iṣẹ́ ọnà lohun tó bá mú kí ẹni tó ń wò ó gbà á gbọ́. Ìyá mú un lọ sóko, ó nawọ́ sí ológoṣẹ́ kan tó bà lé ère lórí, tó ń tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe. Ó ní ẹni yẹn ò tíì gbà á gbọ́ o.

Lọ́dún kan, ìyá ṣe ère oníkùn ńlá tó fọwọ́ lé ìbàdí, tí gbogbo ará oko mọ̀ pé baálẹ̀ wa ni. Baálẹ̀ ránṣẹ́ pé kí ó dín ikùn náà kù. Ìyá dáhùn pé kí baálẹ̀ kọ́kọ́ dín tirẹ̀, òun á tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló pa á lẹ́nu mọ́. Tíṣà rí i tó tú ọ̀já ère kan, tó tún un dì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó sún sẹ́yìn wò ó, tó tún padà lọ ya irun ìpéǹpéjú sí i.

"Ìyá, ẹyẹ ò mọ irun ìpéǹpéjú. Ta lẹ wá ń ṣe é fún?"

Ìyá fi àtàǹpàkò nu èédú tó yọ kọjá ojú ère náà.

"Mi ò mọ̀," ló wá sọ. "Àmọ́ tó bá wọ́, ó máa ń dùn mí."

Tíṣà ṣí ìwé rẹ̀, kò kọ nǹkan kan, ó pa á dé.

Ìyá kú nígbà tí ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ère tó ṣe kẹ́yìn wọ bùbá búlúù tirẹ̀, ó sì tẹ̀ díẹ̀ ní ìbàdí bíi tirẹ̀. Tí a bá kórè tán, ṣe la máa ń fa àwọn ère tu, ká dáná sun wọ́n. A sun àwọn yòókù. Kò sẹ́ni tó lè ṣáná sí ìyẹn. Pak Hendarto wá, ó dúró létí oko pẹ́, kò sì ní ká fún òun gbé lọ.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, a rí Sutinah, ọmọ Mbah Wagiyem, tó ń sáré la oko òfìfo kọjá, ó gbé ọ̀rá ńlá lọ́wọ́, ó fi bo ère náà lórí títí dé èjìká. Aládùúgbò kan pè é láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé kí ló ń bò, ṣebí ìrẹsì ti wà nínú àká, ẹyẹ sì ti lọ.

"Mo mọ̀," ni Sutinah dáhùn. "Òjò ń pa á ni."