Ewúrẹ́ Tó Jẹ́ Ẹgbẹ́ Ọmọ Mi

Bí mo bá ti gbọ́ igbe ewúrẹ́, ìyá ọkọ mi ni mo máa ń rántí. Nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bò mí mọ́lẹ̀, dókítà ní Ìkàrẹ́ sì ní kí n má dá oògùn tí mo ń lò fún un dúró. Ẹ̀rù ba Màmá, ìyá ọkọ mi, pé oògùn náà á mú kí ọmọ ya dìndìnrìn.

Ọjọ́ tí mo bímọ gan-an ni ewúrẹ́ wọn bímọ ní Ọ̀kà níbi tí wọ́n ń gbé. Ní gbogbo Jímọ́ọ̀, wọ́n á gbé ọmọ ewúrẹ́ náà gun ọ̀kadà wá, wọ́n á gbé e síwájú ọmọ mi.

“Ìyàwó mi, ẹgbẹ́ ni wọ́n o. Èyí ń sáré kiri, tìẹ ò tíì lè jókòó.”

“Màmá, ewúrẹ́ mà ni.”

“Mo mọ̀. Ìyá rẹ̀ ò ṣáà lo oògùn.”

Mo máa ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ bí wọ́n bá lọ tán, n ó gbé ọmọ mi jókòó, n ó máa gbàdúrà kó má ṣubú.

Nígbà tí ọmọ mi pé oṣù mọ́kànlá, ó nawọ́ sí wọn, ó ní, “Màmá.”

Wọ́n wá yíjú sí ewúrẹ́ náà, tó ti hu ìwo: “Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìyá tìẹ lò nígbà tó lóyún rẹ?”