Ìwé Tí Mo Kọ Nípa Ewúrẹ́ Oǹdó

Lásìkò tí ìjọba ń san ìdajì owó oṣù fún wa ni wọ́n gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́. Owó kankan kò tẹ̀lé ìgbéga náà. Lẹ́tà lásán ni, mo sì fi í há àárín Bíbélì mi. Àmọ́ inú mi dùn sí i, n kò ní purọ́. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń kọ́ni nípa àìsàn ẹran ọ̀sìn, ojú mi sì ti wà lára lẹ́tà yẹn tipẹ́.

Ìwé kan tí mo kọ ló gbé mi dé ibẹ̀. Ewúrẹ́ Oǹdó, ìlú mi, ló dá lé lórí, àti àìsàn kan tó máa ń ràn láàárín wọn. Ọdún méjì ni mo fi ń wọ bọ́ọ̀sì láti Àkúrẹ́ lọ síbẹ̀ ní Sátidé, tí mo ń gba ẹ̀jẹ̀ lára ewúrẹ́ àwọn ìyá tó wà nínú ẹgbẹ́ màmá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo sì ń bi wọ́n ní ìbéèrè títí ọ̀rọ̀ á fi sú wọn. Àwọn ni wọ́n ń di ewúrẹ́ mú fún mi. Bí mo bá ń lọ, wọ́n á di ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún mi. Mo ṣèlérí pé bí iṣẹ́ náà bá parí, n óò padà wá sọ èsì rẹ̀ fún wọn.

N kò padà. Ìwé àwọn onímọ̀, èyí tí wọ́n ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí sí, wà nílé níhìn-ín tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbéni ga níbi iṣẹ́ wa, bí wọ́n bá rí ìwé ilé, wọ́n á yínmú. Ti òkè òkun ni wọ́n ń kà sí nǹkan. Lónìí, ibi tí gbogbo ayé ti lè kà á ni mo ń gbé iṣẹ́ mi sí, kí wọ́n yínmú títí. Nígbà yẹn, lẹ́tà ni mo fẹ́. Ti òkè òkun tí mo rí sì ní òfin tirẹ̀: bí o bá fẹ́ kí wọ́n kà á lọ́fẹ̀ẹ́, ìwọ tí o kọ ọ́ ni wàá sanwó, bí o kò bá lówó, wọ́n á tì í pa, ẹni tó bá fẹ́ kà á ni yóò sanwó. Mo ní kí wọ́n tì í. Àkópọ̀ ìlà mélòó kan nìkan ló kù níta fún gbogbo èèyàn, wọ́n sì ní ó gùn jù, kí n gé e kúrú. Mo gé e.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, màmá mi pè mí lórí fóònù. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì há sọ́wọ́ ìjọba. Ewúrẹ́ mẹ́jọ tó ní ló ń tà níkọ̀ọ̀kan fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyá wọn, abo dúdú kan tí etí rẹ̀ kan funfun, wá láti ìran ewúrẹ́ tí ìyá màmá mi fi sílẹ̀ fún un.

"Dókítà," ó ní. Láti ọjọ́ lẹ́tà yẹn ló ti ń fi orúkọ náà yọ mí lẹ́nu. "Ewúrẹ́ ń kú ní Oǹdó o. Imú wọn ń ṣàn, wọ́n ń ṣu omi. Tèmi ṣì wà dáadáa. Dókítà Ewúrẹ́ ti wá, ó ti sọ ohun tí a máa ṣe."

Dókítà Ewúrẹ́ ni àdúgbò ń pe òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń tọ́jú ẹran, ọkùnrin àgbàlagbà tí ìfẹ̀yìntì tirẹ̀ náà kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì fọkàn tán an. Mo ní ó dáa, mo padà sídìí ìdánwò tí mo ń máàkì. Ó ń dùn mí títí dòní pé n kò tilẹ̀ béèrè ohun tó ní kí wọ́n ṣe.

Nígbà tí mo fi dé Oǹdó lọ́sẹ̀ kẹta, ọgbà ewúrẹ́ màmá mi ti dá páropáro. Èèpo ẹ̀gẹ́ wà nílẹ̀, kò sí ẹni tó jẹ ẹ́. Ó ti pín ewúrẹ́ rẹ̀ fún àwọn ẹbí. Àṣà kan wà lọ́dọ̀ wa: èèyàn lè fún ìbátan rẹ̀ ní abo ewúrẹ́ sìn, kí wọ́n jọ pín ọmọ tó bá bí. Nítorí náà, nígbà tí Dókítà Ewúrẹ́ ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ewúrẹ́ pọ̀ lójú kan, kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo àwọn ìyá náà kó tiwọn fún ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti àna káàkiri ìlú. Àwọn ewúrẹ́ tí wọ́n ń wò pé ara wọn le ti ní àrùn náà lára, ibi tí ikú kò sì sí tẹ́lẹ̀, ikú débẹ̀. Nínú mẹ́jọ ti màmá mi, òbúkọ kékeré kan ṣoṣo ló kù. Abo elétí funfun kú sílé àbúrò màmá mi, ewúrẹ́ tí àbúrò náà ní sì bá a lọ.

Inú bí mi. Mo gun ọ̀kadà lọ bá Dókítà Ewúrẹ́ nílé rẹ̀, mo ti to èébú sẹ́nu. Ó gbé àga fún mi. Ó ti rù.

"Ẹ bá mi wò ó," ó ní. "Níbo ni mo ti ṣì í? Iṣẹ́ tiyín ni mo tẹ̀lé."

Ó ṣí fóònù rẹ̀. Owó ara rẹ̀ ló fi ra dátà láti wá ohun tí yóò ṣe, ìwé mi ló sì kọ́kọ́ rí, orúkọ mi lókè, orúkọ Oǹdó nínú rẹ̀. Ó ka àkópọ̀ náà fún mi: ibi tí ewúrẹ́ kò bá ti pọ̀ lójú kan, àrùn náà kì í pọ̀ níbẹ̀. Ó parí síbẹ̀. Ohun tí mo gé kúrò wà nínú ìwé gan-an: pé kí àìsàn tó dé ni kí wọ́n dín wọn kù, bó bá ti wọ ìlú, kí ewúrẹ́ kankan má ṣe kúrò nílé.

"Mo tẹ ibi tí ìyókù wà," ó ní. "Ó ní kí n san dọ́là."

Mo fi fóònù tèmi tẹ ibẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní kí èmi náà san dọ́là. Wọ́n ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Èmi ni mo ṣẹ̀, ewúrẹ́ ẹlẹ́wúrẹ́ ló kú. Ojú tì mí gan-an. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní n kò ṣe nǹkan kan, mo sì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún màmá mi. Bí inú bá ń bí i, kì í sọ èdè Oǹdó. Yorùbá inú ìwé ló máa ń sọ, bí ẹni pé mo wà ní kíláàsì rẹ̀.

"Ta ni o kọ ọ́ fún?" ó bi mí. Kò dúró de èsì. "Ó dára. Ní Sọ́ńdè, wàá kà á fún àwọn tó bá ọ di ewúrẹ́ mú."

Mo padà sí Àkúrẹ́ lọ wá ẹ̀dà tèmi nínú kọ̀ǹpútà, mo tú u sí Yorùbá. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ìyá náà jókòó dè mí lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí mo kà á dé ibi tí mo ti kọ ọ́ pé ewúrẹ́ tó bá kúrò nílé lásìkò àìsàn ló ń gbé e lọ sílé ẹlòmíràn, ìyá àgbà kan tó ń ṣe fùfú tà nítòsí ilé wa nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Gbogbo ewúrẹ́ tirẹ̀ ló ti kú.

"Ọ̀rọ̀ mi nìyẹn," ó ní. "Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ, lọ́jọ́ tí o gba ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ mi."

Mo rántí ọjọ́ náà. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo sọ ọ́ fún Dókítà Ewúrẹ́ náà, nígbà tó ní ká pín wọn. Ó ní ìwé rẹ kò sọ bẹ́ẹ̀." Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Mo ní bóyá èmi ni mo ṣì í. Ìwọ lo kàwé. Ni mo bá kó tèmi jáde."